Mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kú tí a bá pa á: bí ẹ ṣe máa wá ìdí rẹ̀

Ẹ ti yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ti yọ ọ́ pàápàá, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò gbà. Ó ń gbọn gbogbo ara mọ́tò, ó ń kan gbàgà-gbàgà, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó tó tú èéfín tó ń rùn epo jáde, kó sì kú. Lára mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń da epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) ni èyí ti wọ́pọ̀ jù: MGB, Triumph Spitfire, Jaguar E-type, Datsun 240Z, Corvette ìgbà náà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi í ṣe ohun àmúmọ́ra. Wọ́n ní bí mọ́tò àgbà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mi ò gbà. Ooru tó ń tan epo lẹ́yìn tí ẹ pa kọ́kọ́rọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú ẹ́ńjìnnì. Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sáré lójú títì, níbi tó ti lè máa tan epo ṣáájú àkókò tó yẹ, tó sì lè lu orí písítìnì. Àwọn mìíràn máa ń sáré lọ ra fáàfù tó ń dá epo dúró, wọ́n á so ó mọ́ kábúrétọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ariwo á sì dákẹ́. Ariwo ló dákẹ́, ohun tó ń fà á ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó fáàfù yẹn sí ìparí ìtọ́sọ́nà yìí.

Bí ẹ ṣe máa pa á kí ẹ tó tún un ṣe

Bó bá jẹ́ jíà ọlọ́wọ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ kó o sí jíà kẹrin, kí ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kilọ́ọ̀ṣì. Yóò kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ má lo jíà kìíní, torí agbára rẹ̀ tó láti fa mọ́tò. Kí iwájú àti ẹ̀yìn mọ́tò ṣófo, nítorí ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣe báyìí lè ta padà, kó yí sódì nígbà tó bá fẹ́ kú. Bó bá jẹ́ jíà aládàáṣe, ẹ fi í sílẹ̀ ní D, kí bíréèkì wà ní títẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn tó bá kú ni kí ẹ tó gbé e sí P. Ẹrù tí jíà gbé lé e máa ń fa ìyípo rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ má tẹ tọ́rótù (ohun tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré) nígbà tó bá ń jà báyìí, pàápàá lára kábúrétọ̀ Weber tàbí Holley. Pọ́ńpù kékeré kan wà nínú wọn tó máa ń tú epo sí ẹ́ńjìnnì nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rótù, ẹ ó kàn máa bọ́ ọ ni. Lẹ́yìn eré gígùn tàbí òkè gíga, ẹ jẹ́ kó sinmi bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á. Ooru inú rẹ̀ á ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé iná ṣì ń dé kọ́ìlì?

Oríṣi méjì ni àìkú ẹ́ńjìnnì, àtúnṣe wọn kò sì jọra rárá. Bí ẹ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lè tú kábúrétọ̀ palẹ̀ nítorí wáyà kan ṣoṣo.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ geere lẹ́yìn tí ẹ pa á, bíi pé ẹ kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rárá, púlọ́ọ̀gì ló ṣì ń ta iná, wáyà sì ni ẹ ó wá. Bó bá ń lọ ségesège, tó ń fò, tó ń kàn, tí ìyípo rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru ló ń tan epo.

Ẹ wá fi mítà jẹ́rìí sí i. Ẹ yí mítà sí fóòtì DC, ẹ fi okùn pupa kan ẹnu kọ́ìlì (ẹ̀rọ tó ń gbé agbára iná bátìrì ga fún púlọ́ọ̀gì) tó ní àmì +, ẹ fi dúdú kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́. Àwọn mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì kan tó jáde ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1960 máa ń so ẹsẹ̀ pósítíìfù bátìrì mọ́ ara mọ́tò. Lára àwọn yẹn, ẹ yí okùn mítà padà, kí ẹ sì wọn ẹnu kọ́ìlì tí wáyà kọ́kọ́rọ́ wọ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ SW sí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí fóòtì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tàbí bíi 6 sí 9 bí mọ́tò náà bá ní rẹ́sísítọ̀ tó ń dín iná kọ́ìlì kù. Bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ já sí òdo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí fóòtì mélòó kan bá ṣẹ́kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, ibi mẹ́rin ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Sìwíìṣì kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ni ti àkọ́kọ́. Irin inú rẹ̀ máa ń jẹ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra. Bí fóòtì náà bá ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí ẹ bá mi kọ́kọ́rọ́ sọ́tùn-ún sósì, ẹ ti rí i.

Alitanétọ̀ ni ìkejì, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí lára mọ́tò tí wọ́n ti yọ dáínámò ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi alitanétọ̀ ìgbàlódé rọ́pò. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń ti alitanétọ̀ lọ sí gílóòbù pupa tó ń kìlọ̀ nípa bátìrì. Níwọ̀n ìgbà tí alitanétọ̀ bá ń yí, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè gba inú gílóòbù náà padà sí wáyà kọ́kọ́rọ́, kó dé kọ́ìlì. Iná náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtaná ẹlẹ́kítíróníìkì tí wọ́n fi ń rọ́pò kọ́ńtáàkì, irin kékeré tó ń já iná kọ́ìlì kí púlọ́ọ̀gì lè ta. Láti dán an wò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò lẹ́yìn alitanétọ̀, ẹ fi nǹkan wé ẹnu rẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún pa á. Bó bá kú wẹ́rẹ́, ẹ ti mọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Dáyóòdù kékeré kan tó lè gbé ámpù 1, tí ẹ so sí ojú wáyà gílóòbù náà, tí ó ń jẹ́ kí iná lọ sí alitanétọ̀ ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kó padà, ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo wí. Ẹ má ṣe yọ wáyà ńlá tó lọ sí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, yóò ba alitanétọ̀ jẹ́.

Ìkẹta ni fáànù oníná tí wọ́n so mọ́ wáyà kan náà tó ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì. Fáànù tó bá ṣì ń fẹ́ nígbà tí ẹ pa kọ́kọ́rọ́ máa ń di dáínámò kékeré, yóò máa ti iná sẹ́yìn títí yóò fi dúró. Ẹ fún un ní ríléè tirẹ̀ láti bátìrì. Ìkẹrin ni ríléè ìtaná tó lẹ̀ tàbí tí iná díẹ̀ láti ibòmíràn ń dì mú. Ẹ fa ríléè náà yọ, kí ẹ wò bóyá ẹ́ńjìnnì á kú.

Bí mítà bá fi òdo hàn tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń bá a lọ, ẹ gbàgbé wáyà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sìlíńdà

Kábúrétọ̀ kò nílò iná mànàmáná láti fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Bí písítìnì bá ṣe ń lọ sílẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba etí awo tọ́rótù, èyí tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó sì ń tì í, afẹ́fẹ́ náà sì ń gbé epo dání. Pọ́ńpù oníná lè ti dákẹ́, ṣùgbọ́n epo tó wà nínú ago kábúrétọ̀ tó fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Fúláíwìlì ṣì ń yí, písítìnì ṣì ń tẹ àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, àdàlù náà sì ń gbóná. Bó bá wá pàdé èédú tó ti dì mọ́ orí písítìnì tó sì pọ́n bí ẹyín iná, tàbí ẹnu púlọ́ọ̀gì tó gbóná kọjá ààlà, yóò gbaná láìdúró de kọ́ìlì. Nígbà tí ìyípo bá sì ti rẹlẹ̀, àdàlù náà ń pẹ́ sí i nínú ooru yẹn, èyí ló fi ń rọrùn fún un láti gbaná nígbà tí ẹ pa mọ́tò ju ìgbà tí ẹ ń sáré lọ.

Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé: àdàlù tó tó láti gbaná, ibi gbígbóná, àti epo tó ń tètè gbaná. Àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti ṣàkóso, sílóò ló sì ń darí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: sílóò

Sílóò ni ìyípo ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́rótù. Bó bá ga, a jẹ́ pé awo tọ́rótù ṣí ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀nà sì là fún àdàlù láti máa wọlé lẹ́yìn tí ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ rí i pé ṣóòkì (ohun tó ń fi epo kún àdàlù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù) ti padà sílé tán, kí ẹ sì kà á pẹ̀lú mítà ìyípo tó ṣeé fọkàn tán, kì í ṣe ti dáṣíbọ́ọ̀dù tó ti gbó. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin ìgbà náà máa ń wà láàárín 750 sí 1000 ní ìṣẹ́jú kan, V8 Amẹ́ríkà sì máa ń rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àtúnṣe mọ́tò yín ló ní iye tó péye.

Ẹ yí sìkúrúù sílóò wá sí iye tó rẹlẹ̀ jù tí ìwé gbà, kí ẹ sì pa kọ́kọ́rọ́. Bó bá kú wẹ́rẹ́, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ bi ara yín ní ìdí tí ẹnì kan fi gbé sílóò náà sókè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì náà kò lè dúró ní 800 láìkú ni wọ́n ṣe gbé e sí 1200, wọ́n sì fi àìsàn mìíràn pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí tiyín náà kò bá lè dúró, àwọn ohun tó yẹ kí ẹ wò nìyí.

Wáyà tọ́rótù tó le koko, sípíríǹgì ìfàpadà tó ti rẹ̀, tàbí sìkúrúù ṣóòkì tó ṣì ń tì tọ́rótù nígbà tó yẹ kó ti fi í sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ti lífà kábúrétọ̀ padà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ìyípo bá lọ sílẹ̀ sí i, nǹkan kan kò padà sílé nìyẹn.

Kábúrétọ̀ méjì tí kò bára mu. Ẹ fi páìpù rọ́bà sí etí, ẹ fi ẹnu kejì rẹ̀ sí ẹnu kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibì kan náà, kí ẹ gbọ́ bóyá ìró ìfà wọn dọ́gba. Irinṣẹ́ tó ń wọn ìṣàn afẹ́fẹ́ dára jù, ṣùgbọ́n etí tó ti mọ iṣẹ́ lè dé ibẹ̀.

Lára kábúrétọ̀ SU tó wọ mọ́tò British Leyland láti ìparí àwọn ọdún 1960, ẹ wo awo tọ́rótù fúnra rẹ̀. Fáàfù kékeré onísípíríǹgì kan wà lójú rẹ̀, tí wọ́n fi sí i nítorí òfin èéfín. Bí sípíríǹgì rẹ̀ bá ti rẹ̀, yóò máa ṣí nígbà tí kò yẹ, sílóò kò sì ní gbọ́ ti sìkúrúù mọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń fi lẹ́ẹ̀dì jó o pa tàbí kí wọ́n fi awo pẹlẹbẹ tí kò ní fáàfù rọ́pò rẹ̀. Awo pẹlẹbẹ ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sí ohun tó lè já bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: táímìnnì

Táímìnnì ni àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná bí písítìnì ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí èéfín mọ́tò dé sórí àwọn mọ́tò ọdún 1968, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ dá táímìnnì sílóò sẹ́yìn, wọ́n dín epo inú àdàlù kù, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa gbóná sí i. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò ọdún 1972 fi lè máa kọ̀ láti kú nígbà tí ti ọdún 1964 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá pẹ́ kó tó ta, agbára tó yẹ kó ti písítìnì ń di ooru tó ń lọ sí ara sìlíńdà àti páìpù èéfín, ẹ ó sì ní láti ṣí tọ́rótù sí i kí ẹ́ńjìnnì tó lè dúró. Ooru àti àdàlù pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Kọ́ńtáàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, torí bí ẹnu rẹ̀ bá yí, táímìnnì náà á yí. Lára disitiríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì) Lucas 25D àti 45D, 0.35 sí 0.40 mílímítà ni àlàfo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lo iná táímìnnì, kí ẹ yọ páìpù fákúùmù, kí ẹ dí i bí ìwé bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tò ó sí iye tí ìwé wí. Bí ẹ bá ṣe ń gbé e síwájú, sílóò á máa ga sí i, ẹ ó sì máa yí sìkúrúù tọ́rótù padà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìkú ẹ́ńjìnnì ti ń parí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ayọ̀ rẹ̀ gbé yín kọjá ààlà. Táímìnnì tó bá lọ síwájú jù máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa tàn ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ nígbà tó bá gbé ẹrù, ìyẹn sì ń jẹ písítìnì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àdàlù epo àti afẹ́fẹ́

Àdàlù tí epo rẹ̀ kéré máa ń jó díẹ̀díẹ̀, ó ń mú kí ibi ìjóná gbóná. Èyí tí epo rẹ̀ pọ̀ jù kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kó èédú jọ, èédú náà á sì di ẹrù ọjọ́ iwájú.

Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé kí ẹ tó fọwọ́ kan sìkúrúù àdàlù. Ibi ìsopọ̀ mánífóòdù (páìpù tó ń pín àdàlù fún àwọn sìlíńdà), gáásìkẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, páìpù ìrànwọ́ bíréèkì, àwọn páìpù rọ́bà tó ti sán, àti ibi tí ọ̀pá tọ́rótù ti gba ara kábúrétọ̀ kọjá, tó máa ń jẹ lára SU àti Stromberg tó ti pẹ́. Àwọn kan máa ń fín omi ìfọ-kábúrétọ̀ sí ibi wọ̀nyí kí wọ́n gbọ́ bóyá ìyípo yí padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n páìpù èéfín wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì, iná sì lè sọ. Omi lásán nínú ìgò ìfín, tí ẹ fín díẹ̀díẹ̀, kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Bí ibi náà bá ń jò gan-an, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀.

Fún kábúrétọ̀ SU, ìdánwò àtijọ́ kan ṣì dára: ẹ fi pínnì abẹ́ rẹ̀ gbé písítìnì kábúrétọ̀ sókè díẹ̀, bí 0.8 mílímítà. Bí ìyípo bá ga tó sì dúró lókè, epo pọ̀ jù. Bó bá kú lójú ẹsẹ̀, epo kéré jù. Bó bá ga díẹ̀ tó sì padà, ó ti bọ́ sí i.

Epo òde òní náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Epo E10 ní ẹ́tánọ́ọ̀lù tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹntiróò lásán nílò afẹ́fẹ́ bí ìlọ́po 14.7 ìwúwo rẹ̀, ẹ́tánọ́ọ̀lù nílò bí 9 péré. Kábúrétọ̀ tí wọ́n tò fún bẹntiróò ìgbà náà yóò wá máa pín àdàlù tí epo rẹ̀ kéré díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí sìkúrúù kankan. Bí mọ́tò yín bá bẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí lẹ́yìn tí epo ilé epo yí padà, ẹ tún àdàlù náà tò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ooru, púlọ́ọ̀gì àti epo

Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ kò ní kú dáadáa, ohunkóhun tí ẹ ìbáà ṣe sí sílóò. Tẹ́mósítáàtì 82 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì ló wọ́pọ̀ lára àwọn mọ́tò wọ̀nyí. Ẹ fi tẹmómítà tó ń wọn ooru láti òkèèrè wọn ilé tẹ́mósítáàtì, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ gééjì nìkan. Bí iye náà bá ń gòkè ṣáá, ẹ wo rédíétọ̀, ìdérí rẹ̀, bẹ́líìtì fáànù àti omi.

Púlọ́ọ̀gì ní ìpele ooru. Èyí tó gbóná máa ń pa ooru mọ́ sí ẹnu rẹ̀, èyí tó tutù máa ń gbé e lọ sí ara sìlíńdà. Ohun tó ń da ènìyàn láàmú ni pé nọ́ńbà wọn kò lọ sí apá kan náà: ti NGK, nọ́ńbà tó ga jù ló tutù jù, nítorí náà BP6ES tutù ju BP5ES lọ, ti Champion àti Bosch, nọ́ńbà tó ga jù ló gbóná jù. Ẹni tó bá lọ ra púlọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ mìíràn tó sì fi nọ́ńbà ṣe àfiwé lásán lè gba òdìkejì ohun tó ń wá. Ẹ yọ wọ́n, ẹ wo ojú wọn. Àwọ̀ ilẹ̀ fífúyẹ́ ló dára. Funfun tó ní ìléròrò ń sọ pé ooru pọ̀ jù, dúdú bí èédú ń sọ pé epo pọ̀ jù. Kí ẹ sì fún wọn dáadáa nígbà tí ẹ bá dá wọn padà, nítorí ibi tí púlọ́ọ̀gì ti jókòó mọ́ orí sìlíńdà ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Bí ẹ bá ti tò ohun gbogbo tó kù tí púlọ́ọ̀gì ṣì ń funfun, ẹ lè fi èyí tó tutù ní ìpele kan dán an wò, kì í ṣe ìpele méjì.

Ní ti epo, èyí tí ọ́kítéènì rẹ̀ ga máa ń pẹ́ kó tó gbaná fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ (bí písítìnì ṣe ń tẹ àdàlù pọ̀ tó) tó 9 sí 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń nílò ọ́kítéènì 97 tàbí 98 ní òṣùwọ̀n RON. Ilé epo Amẹ́ríkà ń lo òṣùwọ̀n AKI, tí nọ́ńbà rẹ̀ rẹlẹ̀ ju RON lọ fún epo kan náà. 98 RON sún mọ́ 93 lórí pọ́ńpù wọn. Ẹ tún rántí pé bí wọ́n bá ti fá orí sìlíńdà rí nígbà àtúnṣe, ìfúnpọ̀ ti ga ju èyí tó wà nínú ìwé lọ. Ẹ kún táǹkì lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú epo tó dára jù, ẹ wà á tán, kí ẹ wo ìyàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èédú

Mọ́tò tó ń rin ìrìn kúkúrú ṣáá, tó ń jẹ ọ́ìlì gba ẹsẹ̀ fáàfù, tàbí tó ti ń gba epo púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, èédú á ti dì mọ́ ọn nínú. Ẹ fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò púlọ́ọ̀gì wo orí písítìnì. Bó bá nípọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí ẹ ó dà sínú táǹkì, èyí tó ní polyetheramine nínú, kí ẹ sì wà á ní ọ̀nà jíjìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ìyípo rẹ̀ ga díẹ̀, kó sì gbé ẹrù. Lẹ́yìn táǹkì kan tàbí méjì, ẹ tún un wò. Bí èédú bá ṣì le mọ́ ọn bí àpáta, orí sìlíńdà ló kù tí ẹ ó tú. Bí ẹ bá ti tú u, ẹ wo bóyá etí gáásìkẹ́ẹ̀tì yọ sínú ibi ìjóná, tàbí bóyá etí irin mímú kankan wà níbẹ̀, torí ohun tínrín tó dá yọ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n. Ẹ fi sáńpépà dídán gé ojú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: fáàfù tó ń dá epo dúró

Ó ti kàn án wàyí. Àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn mọ̀ pé lẹ́yìn 1968 táímìnnì àti àdàlù kò ní lè dára tó bó ṣe yẹ, nítorí náà wọ́n fi ohun ìdádúró sí i. Bí mọ́tò yín bá bá irú rẹ̀ dé, ó yẹ kó máa ṣiṣẹ́.

Irú kan jẹ́ sólínọ́ìdì tó ń ti ẹnu jẹ́ẹ̀tì sílóò pa nígbà tí iná bá já, ó wọ́pọ̀ lára Solex àti Weber. Láti dán an wò, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní sílóò. Ó gbọ́dọ̀ kú. Fóòtì 12 pípé ni kí ẹ fún un láti kọ́kọ́rọ́, ẹ má so ó lẹ́yìn rẹ́sísítọ̀ kọ́ìlì, yóò máa tì nígbà tí kò yẹ.

Irú kejì ni sólínọ́ìdì tó di lífà tọ́rótù mú, tó pọ̀ lára mọ́tò Amẹ́ríkà. Nígbà tí iná wà, ọ̀pá rẹ̀ yọ síta, lífà sì jókòó lé e. Nígbà tí iná já, ó wọlé, tọ́rótù sì tì tán. Ohun méjì ni ẹ ó tò: sílóò gangan pẹ̀lú ọ̀pá tó yọ, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí tọ́rótù ti tì débi pé ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣiṣẹ́ mọ́. Agbára ọ̀pá yìí kò tó láti ti tọ́rótù fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ tọ́rótù díẹ̀ kí ó lè yọ kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́.

Irú kẹta ni ti MGB, Spitfire àti ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1970. Bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, fáàfù náà máa ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó sì ń mú kí ìfà mánífóòdù dé orí ago epo kábúrétọ̀, kí epo má lè gòkè mọ́. Sìwíìṣì ọ́ìlì, tí agbára ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ń darí, ló ń jẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì kú tí agbára ọ́ìlì rọlẹ̀, iná á já. Ẹ fún fáàfù náà ní iná tààrà nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní sílóò. Ó yẹ kó pa á láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bó bá pa á báyìí tí kì í pa á tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ wo fíùsì àti sìwíìṣì ọ́ìlì. Bí kò bá pa á rárá, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé gba páìpù rọ́bà, agolo èédú (agolo tó ń gba oru epo) tàbí ìdérí ago epo.

Nígbà tí ohun gbogbo bá ti bọ́ sípò, ẹ wà á títí tó fi gbóná gan-an, kí ẹ sì fi iná tààrà láti bátìrì dá sólínọ́ìdì jẹ́ẹ̀tì tàbí ti tọ́rótù dúró ní ṣíṣí. Bó bá jẹ́ ti MGB, ẹ yọ wáyà fáàfù rẹ̀. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú fúnra rẹ̀ báyìí, láìsí ìrànlọ́wọ́ fáàfù, ti sàn. Èyí tó bá ṣì ń jà, ẹ padà sí táímìnnì àti àdàlù rẹ̀.